Lámèyítọ́ Kò Mọ sí Ìwé Ìtàn Nìkan

Bí a bá dárúkọ lámèyítọ́, eré-onítàn, ewì àti ìtàn àròsọ ni ó máa ń sọ sí akẹ́kọ̀ọ́ lọ́kàn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kíkọ ètò kọ̀ǹpútà, tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ń torí rẹ̀ wá sí Yábàá láti ìgbà tí CcHUB ti ṣílẹ̀kùn níbẹ̀ ní 2011, kò lè dúró láìsí lámèyítọ́. Èrò tèmi ni pé ó yẹ kí a máa kọ́ ọmọ bí a ṣe ń ka ètò ẹlòmíràn, kí ó má jẹ́ kíkọ nìkan.

Ẹ jẹ́ kí a wo Linux, ètò tí Linus Torvalds, ọmọ ilẹ̀ Finland, gbé jáde ní 1991, tí ó wà nídìí gbogbo fóònù Android. Apá kan nínú rẹ̀ ń bójú tó DMA, èyí tí ń gbé dátà láti ara ẹ̀rọ lọ sínú mẹ́mọ́rì láìjẹ́ pé ọpọlọ kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ń rù ú. Ó dà bí alábàárù ọjà Múṣin: a gbé ẹrù lé e lórí, a júwe ibi tí yóò sọ̀ ọ́ sí, a sì bá iṣẹ́ mìíràn lọ.

Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Bí a bá ní kí alábàárù dúró, tí a kò sì rí i pé ó ti dúró kí a tó fi ìsọ̀ náà fún ẹlòmíràn, orí ọjà ọlọ́jà ni ẹrù wa yóò balẹ̀ sí. Nínú Linux, àṣẹ kan wà tí ń dá iṣẹ́ DMA dúró láìdúró wò bóyá ó ti parí. Ẹni tó bá lò ó gbọ́dọ̀ fi àṣẹ kejì tì í kí ó tó dá mẹ́mọ́rì padà. Bí a bá gbàgbé ìlà kan yìí, ètò náà lè ṣiṣẹ́ nígbà ọgọ́rùn-ún, kí ó ba dátà jẹ́ ní ọjọ́ kan láìsí ẹni tí yóò mọ orísun rẹ̀. Ìdánwò lè máà rí i. Ẹni tó fara balẹ̀ kà á ni yóò rí i. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń ka iṣẹ́ ara wọn ní gbangba, tí ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò sì ń fi orúkọ rẹ̀ sí i.

Òótọ́ ni pé àgbéyẹ̀wò kì í mú gbogbo àṣìṣe. Àṣìṣe Heartbleed, tí ayé gbọ́ nípa rẹ̀ ní 2014, ti wà nínú OpenSSL fún ohun tó lé ní ọdún méjì. Ẹni tó kọ ọ́ kò rí i, ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò náà kò rí i. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé kí òǹkàwé pọ̀ sí i, kì í ṣe kí a dẹ́kun kíkà.

Ohun tó kù ni ọ̀wọ̀. Ọmọ tí a ti kọ́ pé àgbà kì í ṣì í yóò rí àṣìṣe ọ̀gá rẹ̀, yóò sì dákẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba wa sọ pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Kò sí àfojúdi nínú kí ọmọ wí pé, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, bí iṣẹ́ bá ṣì ń lọ lọ́wọ́ nígbà tí a dá mẹ́mọ́rì padà ńkọ́?”

Ẹ̀yin olùkọ́, kí ẹ tó ní kí wọ́n kọ ìlà kan, ẹ fún wọn ní ìlà mẹ́wàá tí ẹlòmíràn kọ, kí wọ́n wá ohun tó kù síbẹ̀.