Ẹ Wo Ibi Tí Owó Wọn Wà: Lẹ́tà Gbangba sí Ọ̀mọ̀wé Vincent Ọlátúnjí, Ọ̀gá Àgbà Àjọ NDPC



Láti Alákìá ní Ìbàdàn ni mo ti ń kọ̀wé sí yín. Nígbà tí Ààrẹ Tinúbú buwọ́ lu òfin tó ń dáàbò bo ìsọfúnni nípa ará ìlú ní oṣù kẹfà 2023, ọwọ́ yín ni wọ́n fi í sí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá fi ẹnu dídùn gbà á lọ́wọ́ yín.

Meta, tó ni Facebook àti WhatsApp, ń sọ kiri pé àṣírí wa jẹ òun lógún. Lóòótọ́, láti 2016 ni wọ́n ti ti ọ̀rọ̀ tí à ń kọ síra wa lórí WhatsApp pa, tí àwọn fúnra wọn kò lè kà á. Mo yìn wọ́n fún ìyẹn. Ṣùgbọ́n kò kó bá àpò wọn. Nọ́ńbà wa, irú fóònù tí à ń lò, ohun tí à ń ṣe lórí rẹ̀ lójoojúmọ́, ibẹ̀ ni owó ìpolówó ọjà wà. Nígbà tí WhatsApp yí ìlànà rẹ̀ padà ní 2021, àjọ FCCPC, tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà, tú u wò, wọ́n sì rí i pé àǹfààní tí wọ́n fún àwọn ará Yúróòpù láti kọ̀, wọn kò fún wa. Ní oṣù keje 2024, FCCPC bu owó ìtanràn 220 mílíọ̀nù dọ́là lé wọn. Ẹ̀yin náà bu mílíọ̀nù 32.8 dọ́là lé wọn ní 2025. Èsì wọn nílé ẹjọ́ ni pé ó lè di dandan kí àwọn ti Facebook àti Instagram pa ní Nàìjíríà. Ṣé ẹni tí àṣírí wa ń jẹ lógún ló ń fèsì bẹ́ẹ̀?

Apple náà kọ̀ jálẹ̀ fún FBI ní 2016 pé òun kò ní bá wọn ṣí fóònù. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ó gbé àkọsílẹ̀ iCloud àwọn oníbàárà rẹ̀ ní Ṣáínà fún ilé-iṣẹ́ ìjọba ibẹ̀. Ẹnu dùn-ún ròfọ́. Ibi tí kò bá ti dí ọjà wọn lọ́wọ́ ni wọ́n ti ń gbèjà oníbàárà.

Kì í ṣe àwọn ilé-iṣẹ́ òkèèrè nìkan. Lábẹ́ agboòrùn àwọn tó ń forúkọ SIM sílẹ̀ níbí, mo rí ìyá aláta kan tó tẹ àtàǹpàkò. Ọmọkùnrin tó ń ṣe é fún un ló bá a tẹ "mo gbà" sórí ọ̀rọ̀ òyìnbó gbọọrọ tí ìkankan nínú wọn kò kà. Bẹ́ẹ̀ òfin yín ní èdè tó yéni ni kí wọ́n fi gba ìyọ̀ǹda.

Ẹ pa á láṣẹ fún àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń forúkọ SIM sílẹ̀ kí wọ́n máa sọ ohun tí ènìyàn ń gbà sí lédè Yorùbá kí wọ́n tó gba àtàǹpàkò ẹnikẹ́ni. Ẹ rán àwọn òṣìṣẹ́ yín wá sí oríta wa kí wọ́n wá wò ó. Ilé-iṣẹ́ ńlá tó bá kọ̀, òfin fún yín láyè láti gba ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wọlé fún un lọ́dún. Ẹ gbà á.