Mọ́tò rìmóòtù ti sú ọmọ yín, bàálù ló kù tó fẹ́ẹ́ máa gbé fò: ẹ kọ́kọ́ ka èyí

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín á máa bi ara wọn pé kí ló kan nọ́ọ̀sì nínú ọ̀rọ̀ bàálù ìṣeré. Ẹ fara balẹ̀, ọ̀rọ̀ ìlera ni, ọ̀rọ̀ inú ilé sì ni pẹ̀lú.

Ìyá àgbà kan ló wá bá mi nílé ní Ìkirè lọ́jọ́ Sátidé kan. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni mo máa ń bá wọn wò. Nígbà tí mo wò ó, ó ti lọ sókè ju bó ṣe máa ń wà lọ. Mo ní, "Màmá, ṣé ẹ lo oògùn yín?" Wọ́n ní àwọn lò ó. Wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n ní, "Nọ́ọ̀sì, ọmọ ọmọ mi ló fẹ́ẹ́ pa mí."

Ọmọ ọdún mẹ́tàlá lọmọ náà. Ó ti tó ọdún méjì tí àbúrò bàbá rẹ̀ ti ra mọ́tò oníríìmóòtù bọ̀ fún un láti Èkó, ó sì mọ̀ ọ́n wà débi pé ó máa ń gbà á kọjá láàárín ìgò tí wọ́n tò sílẹ̀ láì kan ọ̀kan. Nígbà tó yá, àbúrò bàbá yìí kan náà ra bàálù bọ̀. Ọmọ ò dúró kọ́ ohunkóhun. Àárín ilé sí ilé ló ti gbé e fò, bàálù sì lọ há sórí wáyà NEPA. Ohun tó dẹ́rù ba màmá kì í ṣe bàálù tó há. Irin gígùn tí wọ́n fi ń kọ́lé ni ọmọ yìí lọ gbé wá, tó fẹ́ẹ́ fi yọ ọ́. Obìnrin tó ń ta dòdò lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ló rí i, tó pariwo, tó sì sáré gba irin náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Màmá wá kó mọ́tò àti gbogbo rìmóòtù sínú àpótí, wọ́n tì í pa. Láti ọjọ́ náà, ọmọ kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ nílé, ìyá àgbà náà kò sì rí oorun sùn. Wọ́n ní, "Tí mo bá ti dijú, irin yẹn ni mò ń rí."

Mi ò bá wọn jiyàn, nítorí ohun tí wọ́n rí kì í ṣe ohun kékeré. Ṣùgbọ́n mo sọ fún wọn pé àìmọ̀ ló fẹ́ẹ́ pa ọmọ náà, kì í ṣe bàálù. Kò sẹ́ni tó sọ fún un tẹ́lẹ̀ pé tí bàálù bá há sórí wáyà, ó ti lọ nìyẹn. Ọmọ tí a bá sì tì í mọ́lé lónìí, ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni yóò ti ṣe é lọ́la, níbi tí àgbà kankan kò ti sí. Bí ọmọdé bá ń gégi nínú igbó, àgbà ló mọ ibi tí yóò wó sí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì. Tí mọ́tò bá fẹ́ẹ́ kọlu ògiri, ọmọ á yọwọ́ lórí rìmóòtù, mọ́tò á dúró. Bàálù kò mọ ìyẹn. Bí ọmọ bá yọwọ́ pé òun fẹ́ẹ́ ronú, bàálù ṣì ń lọ. Mọ́tò mọ iwájú àti ẹ̀yìn, ọ̀tún àti òsì. Bàálù tún ní òkè àti ìsàlẹ̀, ó sì lè dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí mọ́tò ti kọ́ ọmọ náà tí kò ní ṣòfò. Tí mọ́tò bá kọjú sí i tó ń bọ̀, ọ̀tún ni yóò tẹ̀ lórí rìmóòtù, òsì ni mọ́tò yóò yà sí lójú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún bàálù lókè. Ọmọ tó ti mọ èyí lórí ilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ bàálù láì mọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ fún màmá pé kí wọ́n yọ mọ́tò yẹn kúrò nínú àpótí.

Àwọn kan á ní kí ni èrè ìṣeré yìí. Àwa náà ṣe mọ́tò agolo sàdíìnì, a gé bàtà sílípáàsì ṣe táyà rẹ̀. A fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe abẹ̀bẹ̀, a fi ìgbálẹ̀ gún un, a sì ń sáré kí afẹ́fẹ́ lè máa yí i. Lọ́dún 1878, bíṣọ́ọ̀bù kan ní Amẹ́ríkà, Milton Wright, mú nǹkan ìṣeré kan wálé fún àwọn ọmọ rẹ̀, Wilbur tó jẹ́ ọmọ ọdún 11 àti Orville tó jẹ́ ọmọ ọdún 7. Bébà, ọparun àti ìdérí ìgò ni wọ́n fi ṣe é, rọ́bà ló sì ń yí i tó fi ń fò. Nígbà tó bàjẹ́, àwọn ọmọ náà ṣe òmíràn fúnra wọn. Susan ìyá wọn kò lé wọn, òun gan-an mọ iṣẹ́ ọwọ́, ó sì máa ń bá wọn ṣe nǹkan ìṣeré. Àwọn ọmọ yìí ló wá gbé bàálù ẹlẹ́ńjìnnì tí ènìyàn wà nínú rẹ̀ fò ní ọjọ́ 17, oṣù Kejìlá, ọdún 1903. Ní ti rìmóòtù, àwọn ìbejì kan, Walter àti William Good, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fi rédíò darí bàálù kékeré ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1937.

Èyí tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni ti ẹ̀jẹ̀. Láti oṣù Kẹwàá ọdún 2016 ni ilé iṣẹ́ Zipline ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi bàálù kékeré tí kò ní awakọ̀ gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí àwọn ọsibítù ní Rwanda. Wọ́n dé Ghana lọ́dún 2019, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ní Kaduna nílẹ̀ wa níbí lọ́dún 2022. Ẹni tó bá ti dúró ti obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, tí ẹ̀jẹ̀ kò dá, tí wọ́n ń wá ẹ̀jẹ̀ kiri, á mọ ohun tí mò ń sọ. Ẹnì kan tó ti ṣeré bàálù rí wà lára àwọn tí yóò máa tún irú rẹ̀ ṣe lọ́la.

Ó yá, báwo la ṣe máa ṣe é? Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà.

Àkọ́kọ́, ẹ jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èyí tí kò ní ẹ́ńjìnnì. Fóòmù funfun tí wọ́n fi ń di tẹlifíṣàn sínú páálí ti tó. Àgbà ni kó mú abẹ, kó bá a gé e. Bí wọ́n bá ti ṣe é tán, kí ọmọ fi ìka méjì gbé e lábẹ́ apá, níbi tó tó ìdá mẹ́rin tàbí ìdá mẹ́ta fífẹ̀ apá náà láti iwájú. Ó gbọ́dọ̀ dúró gbọọrọ, tàbí kí imú rẹ̀ tẹ̀ díẹ̀. Tí ìrù bá ń fà á sẹ́yìn, kí wọ́n fi ìṣó kékeré tàbí amọ̀ sí imú. Kó wá kọjú sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀, kó rọra jù ú. Ọjọ́ tó bá jù ú lẹ́ẹ̀mẹ́wàá tó ń lọ gbọọrọ, ọjọ́ náà ló tó ó sọ̀rọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì.

Ìkejì, tó bá di ti oníríìmóòtù, ẹ má ra èyí tó dà bíi bàálù ogun, eré rẹ̀ ti pọ̀ jù. Èyí tó fúyẹ́, tí apá rẹ̀ wà lórí, tí apá náà sì ká sókè díẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ló máa ń fúnra rẹ̀ padà dúró gbọọrọ. Tí abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ bá wà lẹ́yìn dípò imú, ó tún dára jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ìka àti ojú.

Ìkẹta, ọ̀rọ̀ òfin. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2016, àjọ NCAA tó ń mójú tó ọkọ̀ òfurufú nílẹ̀ wa kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gbé dúróònù àti irú ohun bẹ́ẹ̀ tó ń fò láìsí awakọ̀ sókè láì gba àṣẹ lọ́wọ́ wọn àti lọ́wọ́ ọ́fíìsì olùdámọ̀ràn ààrẹ lórí ètò ààbò. Nítorí náà, ẹ béèrè lọ́wọ́ NCAA kí ẹ tó náwó sórí oníríìmóòtù. Èyí tó ní kámẹ́rà, ẹ má tilẹ̀ dán an wò. Bí ẹ bá ṣì ń béèrè, fóòmù tí a ń fọwọ́ jù wà ńlẹ̀ tí ọmọ lè máa bá lọ.

Ìkẹrin, ibi tí wọ́n ti máa ṣe é. Pápá gbalasa tí kò sí wáyà, tí kò sí èrò, tó sì jìnnà sí títì Ìbàdàn sí Ifẹ̀ ni. Àárọ̀ kùtù tàbí ìrọ̀lẹ́ ló dára, kí oòrùn wà lẹ́yìn ọmọ. Tí ẹ bá rí i tí ewé ń mì gan-an, ẹ padà sílé. Kí ọmọ sì sọ òfin yìí fún yín látẹnu ara rẹ̀ kó tó gbé e sókè: èyí tó bá há sórí wáyà, a ò ní yọ ọ́, yálà pẹ̀lú irin tàbí pẹ̀lú igi. Àwọn òṣìṣẹ́ iná nìkan ló lè fọwọ́ kàn án.

Bátìrì náà ńkọ́? Irú èyí tí wọ́n ń pè ní lithium, tó máa ń wà nínú bàálù oníríìmóòtù, lè gbiná. Ẹ má ṣe fi sórí ṣájà nígbà tí ẹ bá fẹ́ẹ́ sùn. Orí símẹ́ńtì ni kí ẹ gbé e sí, kó jìnnà sí bẹ́ẹ̀dì àti kọ́tìnnì, kí garawa iyanrìn sì wà nítòsí. Ṣájà tó bá a wá ni kí ẹ lò. Èyí tó bá ti wú, ẹ má lò ó mọ́. Bátìrì pẹlẹbẹ róbótó tó dà bíi owó ẹyọ, tó máa ń wà nínú àwọn rìmóòtù kéékèèké, ni kí ẹ ṣọ́ jù tí ọmọ kékeré bá wà nílé. Tí ọmọ bá gbé e mì, tó sì há sí ọ̀nà ọ̀fun, ó lè jó o nínú láàárín wákàtí méjì. Ẹ má rọ ọ́ ní èébì, ọsibítù ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Tí ọmọ náà bá ti lé lọ́dún kan, tó sì lè gbé nǹkan mì, ẹ lè máa fún un ní oyin ṣíbí kékeré méjì ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá lójú ọ̀nà, kó má ju ẹ̀ẹ̀mẹfà lọ. Ẹ má torí àtiwá oyin pẹ́ nílé o.

Tí abẹ̀bẹ̀ bá gé ọmọ níka, ẹ fi omi tó mọ́ fọ̀ ọ́, ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá láì máa ṣí i wò. Ẹ má bu kẹrosíìnì tàbí ọ́ìlì mọ́tò sí i. Tó bá jìn, ẹ wá sí ọsibítù, ká sì mọ̀ bóyá ó nílò abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì. Tó bá jẹ́ ojú ló bà, ẹ má jẹ́ kó fọwọ́ ra á, ẹ má kán omi ṣúgà tàbí àgbo sí i. Ẹ fi ìdí ife tó mọ́ bò ó láì tẹ ojú náà, kí ẹ sì máa bọ̀ kíá.

Ẹ̀yin àgbà, iṣẹ́ yín wà níbẹ̀. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Ẹ mú àga dání, ẹ dé fìlà, ẹ mu omi. Ẹ má gbójú sókè pẹ́, ọrùn àti òyì lè dà yín láàmú, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹ má wo oòrùn. Ẹni tó ń wo ọmọ, tó ń wo ilẹ̀, tó ń sọ pé "ènìyàn ń bọ̀ o, dúró," iṣẹ́ ńlá ló ń ṣe.

Màmá wa ṣí àpótí. Wọ́n bá bàbá kan sọ̀rọ̀ ní Apòmù, káfíńtà tó ti fẹ̀yìn tì, òun ló ń bá ọmọ gé fóòmù báyìí. Bàálù àkọ́kọ́ ṣì wà lórí wáyà, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń rí i. Mo bá wọn lọ sí pápá lọ́jọ́ kan. Ọmọ jù ú, ó lọ gbọọrọ, ó rọra balẹ̀. Ó gbé e wá fún ìyá àgbà rẹ̀ pé kí wọ́n jù ú wò. Wọ́n kọ́kọ́ kọ̀, nígbà tó yá wọ́n jù ú. Ìrù ló fi balẹ̀, ọmọ sì bú sẹ́rìn-ín. Màmá ní ọjọ́ tí òun ti gbọ́ ẹ̀rín yẹn gbẹ̀yìn ti pẹ́.

Nígbà tí wọ́n tún wá yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, ó ti wálẹ̀ díẹ̀. Oògùn ló ṣe é o, ẹ má fi tiyín sílẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn ti ń sùn.

Ó tún dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ká má fi ojú sunkún ọmọ.