Ta Ni Ó Ni Orin?

Àwọn kan a máa wí pé ẹni tí kò bá fi ẹnu ara rẹ̀ kọrin kò ní ẹ̀tọ́ láti pe orin ní tirẹ̀. Lójú tiwọn, ohùn ni ọba. Ìlù àti àwọn ohun èlò mìíràn kò ju ẹmẹ̀wà tí ń tẹ̀ lé e lọ. Èrò yìí wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n èmi kò gbà pé ó tọ̀nà. Ẹ jẹ́ kí a fi àwo orin kan yẹ ọ̀rọ̀ náà wò.

Ní oṣù Èrèlé ọdún 2021 ni Black Coffee, ọmọ ilẹ̀ Gúúsù Áfíríkà, gbé àwo kan jáde tí ó pè ní Subconsciously. Nkosinathi Maphumulo ni orúkọ rẹ̀ gan-an. Ìlú Durban ni a ti bí i ní ọdún 1976, ṣùgbọ́n Mthatha ni ó gbé dàgbà. Ní oṣù Èrèlé ọdún 1990, nígbà tí àwọn ènìyàn ń yọ̀ nítorí pé a tú Nelson Mandela sílẹ̀ lẹ́wọ̀n, ọkọ̀ kan já wọ àárín èrò, ó sì ṣe ọmọdékùnrin náà léṣe ní apá òsì. Ọwọ́ kan ni ó fi ṣe iṣẹ́ tí ó sọ ọ́ di olókìkí.

Orin ijó tí a ń pè ní house ni iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn aláwọ̀ dúdú ìlú Chicago ní Amẹ́ríkà ni wọ́n dá a sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Ẹ̀rọ ni a fi ń lu ìlù rẹ̀: ìlù ńlá a máa dún ní ìwọ̀n kan náà, mẹ́rin mẹ́rin, tó bí ìgbà 120 láàárín ìṣẹ́jú kan. Àwọn ará Gúúsù Áfíríkà gba orin yìí tọwọ́tẹsẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ di tiwọn.

Orin méjìlá ni ó wà nínú àwo náà, àwọn àlejò ni ó sì ń kọ wọ́n. Usher àti Pharrell Williams wá láti Amẹ́ríkà. Celeste àti Elderbrook wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Msaki, Una Rams àti Tellaman jẹ́ ọmọ ilẹ̀ rẹ̀. Kí wá ni ti Black Coffee níbẹ̀?

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀, kí ó gbọ́ àwo náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ní ìgbà kìíní, kí ó tẹ̀ lé ohùn. Ní ìgbà kejì, kí ó fi ohùn sílẹ̀, kí ó tẹ̀ lé ìlù. Ní ìgbà kẹta, kí ó fetí sí ibi tí a dákẹ́ sí. Yóò rí i pé ohùn ń yí padà láti orin dé orin, ṣùgbọ́n ilé tí gbogbo wọn wọ̀ sí kò yí padà. Ìlù náà kì í pariwo. Jẹ́ẹ́jẹ́ ni ó ń bọ̀, bí ẹni tí ń rìn lórí ẹní, ó sì ń fi àyè sílẹ̀ kí ohùn lè mí. Black Coffee ni ó darí ètò yìí.

Ẹ ronú nípa ẹni tí ó bẹ ọ̀wẹ̀. Òun ni ó ń pinnu oko tí a ó ro, ibi tí ebè yóò gbà, àti ìgbà tí a ó ṣíwọ́. Kò sí ẹni tí yóò wí pé oko náà kì í ṣe tirẹ̀ nítorí pé ogún ọkọ́ ni ó wọ inú rẹ̀.

Síbẹ̀, ewu wà nínú pípe àlejò. Bí orúkọ àlejò bá tóbi ju ti onílé lọ, ọ̀pọ̀ ènìyàn kò ní rántí ẹni tí ó ni ilé. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú orin wọ̀nyí ni a fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ, bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ Gúúsù Áfíríkà kò ṣaláìní èdè tí ó dùn létí. Èyí dùn mí. Bákan náà, díẹ̀ nínú àwọn orin náà ti jáde lọ́kọ̀ọ̀kan ṣáájú; orin tí òun àti David Guetta jọ ṣe ti wà láti ọdún 2018. Lójú tèmi, èyí tí Msaki kọ ni ó dára jù, nítorí pé níbẹ̀ ni ohùn àti ìlù ti jọ ń sọ̀rọ̀ bí ọmọ ìyá, tí èkíní kò borí èkejì.

Ní ọdún 2022, a fún àwo náà ní ẹ̀bùn Grammy ti orin ijó ní Amẹ́ríkà. Ẹ̀bùn kì í sọ ohun tí kò dára di dáradára, ṣùgbọ́n èyí fi hàn pé ayé ti ń mọ iyì ẹni tí ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ohùn.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, nígbà tí orin bá dùn mọ́ yín, ẹ má ṣe dúró lórí orúkọ akọrin nìkan. Ẹ bèèrè ẹni tí ó lu ìlù, ẹni tí ó to ohùn, àti ẹni tí ó pe gbogbo wọn jọ. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Orin jẹ́ ti ẹni tí ó pè wọ́n jọ; ṣùgbọ́n ọlá rẹ̀, ti gbogbo wọn ni, a kò sì gbọdọ̀ fi du ẹnikẹ́ni nínú wọn.