Olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì Tí Ó Fi Yorùbá Pamọ́

Kò sí ọdún kan tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́-olùkọ́ tí ó yan Yorùbá pọ̀ mọ́ Gẹ̀ẹ́sì kì í jáde ní àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ ilẹ̀ Yorùbá. Púpọ̀ nínú wọn kò fẹ́ dúró sílé mọ́. Wọ́n ti gbọ́ pé iṣẹ́ olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì wà ní Ṣáínà, ní Gúúsù Kòríà, ní Jàpáàn àti ní ilẹ̀ àwọn Lárúbáwá, àti pé owó ibẹ̀ ju ti Nàìjíríà lọ fíìfíì. Ìfẹ́ náà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tí owó oṣù rẹ̀ kò gbé e dé ogúnjọ́ nínú oṣù kò lẹ́bi bí ó bá gbé ojú sókè wo ẹ̀yìn odi. Ohun tí ó yẹ kí ó kọ àwọn olùkọ́ Yorùbá lóminú ni ohun tí irú akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ ń ṣe nígbà tí ó bá jókòó ti ìwé ìwáṣẹ́. Yóò kọ Gẹ̀ẹ́sì gàdàgbà sí i. Yóò yọ Yorùbá kúrò. Níbi tí wọ́n bá ti béèrè èdè abínibí rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì náà ni yóò kọ síbẹ̀, bí ẹni pé àárín London ni wọ́n bí i sí.

Ìdí tí ó fi ń ṣe bẹ́ẹ̀ kò farasin. Wọ́n ti sọ fún un pé ẹni tí a bí sínú Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni àwọn ará òkèèrè ń wá, òótọ́ sì wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ètò ìjọba Gúúsù Kòríà tí wọ́n ń pè ní EPIK, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1995, yan orílẹ̀-èdè méje tí yóò ti máa gba olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì: Amẹ́ríkà, Bìrìtìkó, Kánádà, Ọsirélíà, New Zealand, Ireland àti Gúúsù Áfíríkà. Nàìjíríà kò sí níbẹ̀. Ó yẹ kí a tún Gúúsù Áfíríkà yẹn wò dáadáa. Nínú ìkànìyàn tí wọ́n ṣe níbẹ̀ ní 2022, àwọn tí ń fi Gẹ̀ẹ́sì sọ̀rọ̀ nínú ilé kò tó ẹnì kan nínú mẹ́wàá. Èdè Zulu ni ó pọ̀ jù. Ọmọ Zulu tí ó kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní ilé ìwé lè wọ Kòríà bí ó bá mú ẹ̀rí wá pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ òun. Ọmọ Ìbàdàn tí ó kọ́ ọ lọ́nà kan náà, tí ẹ̀rí kan náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò lè wọ̀ ọ́. Ìwé ìrìnnà ni wọ́n ń yẹ̀ wò, wọn kò tíì dé orí ahọ́n rárá.

Ní Ṣáínà, ìlànà ìgbàsíṣẹ́ àjèjì fẹ́ kí olùkọ́ èdè máa kọ́ni ní èdè abínibí rẹ̀, kí ó ní oyè yunifásítì àkọ́kọ́, kí ó sì ti ṣiṣẹ́ fún ọdún méjì. Ẹni tí NCE nìkan wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò tíì dé ẹnu ọ̀nà níbẹ̀. Ní oṣù Keje 2021, ìjọba ilẹ̀ náà tún ká àwọn ilé ẹ̀kọ́ àdáni tí ń kọ́ ọmọ lẹ́yìn ilé ìwé lọ́wọ́ kò, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì kógbá sílé. Ilẹ̀ England ní tirẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀ ní oṣù Kejì 2023: ó fi Nàìjíríà kún àwọn orílẹ̀-èdè tí olùkọ́ wọn lè béèrè fún àṣẹ ìkọ́ni tí wọ́n ń pè ní QTS láìtún ìdálẹ́kọ̀ọ́ ṣe. Ṣùgbọ́n olùkọ́ ìṣirò, olùkọ́ sáyẹ́ǹsì àti olùkọ́ èdè ilẹ̀ mìíràn fún ọmọ ọdún 11 sí 16 ni wọ́n kéde pé àwọn ń wá. Wọn kò ránṣẹ́ pe olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì.

Àwọn ẹ́jẹ́ńtì kì í sọ èyí fún ẹni tí ó bá gbé owó wá. Wọn a ní àwọn mọ ọ̀nà ẹ̀yìn, wọn a sì fi físà ìbẹ̀wò gbé ọmọ ọlọ́mọ lọ sí ibi tí òfin kò ti gbà á láàyè láti di ṣọ́ọ̀kì mú. Adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ kí a mọ̀. Irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ kì í kọ lẹ́tà sílé pé inú yàrá kan ni òun ń sá pamọ́ sí. Ìwé tí ó yẹ kí ó kọ́kọ́ mú dání ni ti àjọ TRCN, tí òfin dá sílẹ̀ ní 1993, tí ó lè jẹ́rìí fún ilẹ̀ mìíràn pé olùkọ́ tòótọ́ ni. Owó rẹ̀ kò tó ohun tí ẹ́jẹ́ńtì ń gbà, bẹ́ẹ̀ kì í purọ́.

Bí ọ̀rọ̀ ti rí yìí, ohun méjì ni àwọn ọ̀dọ́ olùkọ́ sábà máa ń ṣe. Àwọn kan a bú àwọn òyìnbó àti àwọn ará Éṣíà pé ẹlẹ́yàmẹ̀yà ni wọ́n. Wọn kò jẹ̀bi èébú náà; òfin tí ó fi ibi tí wọ́n ti bí olùkọ́ díwọ̀n iṣẹ́ rẹ̀ kò bá ẹ̀tọ́ mu. Àwọn kejì a bẹ̀rẹ̀ sí í fi imú sọ̀rọ̀, wọn a máa ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá rí. Ohun tí àwọn kejì yìí ń ṣe ni ó burú jù, nítorí pé ohun kan ṣoṣo tí wọ́n ní tí ọmọ London kò ní ni wọ́n ń sọ nù.

Kí ni ohun náà? Wọ́n mọ bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe rí láti ìta. Ẹni tí ó bá Gẹ̀ẹ́sì nínú ilé kò rántí ọjọ́ tí ó kọ́ ọ. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá bi í ní ìdí tí ọ̀rọ̀-ìṣe fi ń yí padà, yóò sábà dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Ọmọ Yorùbá ti jẹ ẹgba lórí ọ̀rọ̀-ìṣe náà. Ó rántí.

Ẹ wo Ṣáínà. Èdè Mandarin jẹ́ èdè olóhùn bí Yorùbá. Ohùn mẹ́rin ni ó ní, Yorùbá ní mẹ́ta. Ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀ kì í yí àwọ̀ padà nítorí àná tàbí ọ̀la, gẹ́gẹ́ bí ‘lọ’ kì í ti í yí padà ní Yorùbá. Nínú ọ̀rọ̀ ẹnu, ‘tā’ kan náà ni wọ́n ń lò fún ọkùnrin àti fún obìnrin, gẹ́gẹ́ bí Yorùbá ti ń lo ‘ó’. Nítorí náà ni ọmọ Beijing ṣe máa ń pe ìyá rẹ̀ ní ‘he’, tí ó sì máa ń sọ pé òun ‘go’ ní àná. Àṣìṣe kan náà ni olùkọ́ ń fi bírò pupa fàlà sí lábẹ́ ní Òṣogbo.

Jàpáàn tún sún mọ́ ilé jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èdè wọn kì í fẹ́ kí kọ́ńsónáǹtì méjì dì mọ́ ara wọn, bẹ́ẹ̀ ni kì í sábà fi kọ́ńsónáǹtì parí ọ̀rọ̀; Yorùbá náà kò gba èyí. Nígbà tí Yorùbá yá ‘class’, ó di kíláàsì. Jàpáàn yá a, ó di kurasu. ‘Brush’ di búrọ́ọ̀ṣì níhìn-ín, ó di burashi lọ́hùn-ún. ‘Milk’ di mílíìkì, ó di miruku. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ti ka ọ̀rọ̀ àyálò àti ìhun sílébù Yorùbá ní kíláàsì lè fara balẹ̀ ṣàlàyé fún ọmọ Tokyo ibi tí fáwẹ̀lì tí kò yẹ kí ó wà ti ń yọ́ wọlé, àti bí wọ́n ṣe ń lé e jáde.

Èyí tí ó tilẹ̀ dùn jù ni ti físà fúnra rẹ̀. Yorùbá kò ní ìró v àti z. Kòríà náà kò ní wọn. Yorùbá fi f àti s dí àlàfo náà, ó ń pè é ní físà. Kòríà fi b àti j dí i, ó ń pè é ní bija. Ẹni tí ó ń bẹ̀bẹ̀ fún un àti ẹni tí ó ń fi í dù ú, kò sí èyí tí èdè ìyá rẹ̀ jẹ́ kí ó pè é bí ọmọ London ti ń pè é!

Òótọ́ ni pé ìmọ̀ yìí kò ní yí òfin Kòríà padà lọ́la. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ilé ẹ̀kọ́ láyé ni ó wà lábẹ́ òfin Kòríà, níbi tí wọ́n bá sì ti ń fi ọ̀rọ̀ wá olùkọ́ lẹ́nu wò, ìgbà tí wọ́n bá ní kí ó kọ́ni lójú àwọn fún ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ọjà ń tà. Ìwé ẹ̀rí CELTA ti Cambridge, tí àwọn ilé ẹ̀kọ́ èdè ń bọ̀wọ̀ fún káàkiri, wákàtí mẹ́fà péré ni ẹni tí ń gbà á fi ń kọ́ni lójú olùyẹ̀wò. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ NCE ti dúró fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ níwájú ogójì ọmọ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, láìsí iná, láìsí ìwé tí ó kárí. Kò mọ̀ pé ó yẹ kí òun sọ èyí síta.

Ta ni kò jẹ́ kí ó mọ̀? Ẹ̀bi náà wà nílé. Ó wọ́pọ̀ kí ẹ̀ka Yorùbá àti ẹ̀ka Gẹ̀ẹ́sì wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ kan náà kọ́ ìmọ̀ ìró lẹ́ẹ̀mejì, kí olùkọ́ kankan má sì gbé èkíní sí ẹ̀gbẹ́ èkejì fún un. Yóò há àwọn ìró aránmúpè sórí fún ìdánwò, yóò sì dá wọn padà fún olùkọ́ bí ẹni dá gbèsè padà. Ìfiwéra èdè méjì wà nínú ìwé ìlànà, ṣùgbọ́n àpẹẹrẹ inú ìwé àtijọ́ ni wọ́n ń kà síbẹ̀ lọ́dọọdún. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá kó àṣìṣe àwọn ọmọ jọ nígbà ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́, tí ó sì tọ ipasẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan padà sínú gírámà Yorùbá, iṣẹ́ àṣekágbá tí ó lè gbé lọ síbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ti délẹ̀ nìyẹn.

Ìjọba náà kò ran ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́. Ní 2022, ó fọwọ́ sí ìlànà tí ó ní kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀; ní oṣù Kọkànlá 2025, ó fagi lé e, ó ní Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n fi kọ́ wọn. Akẹ́kọ̀ọ́-olùkọ́ tí ó gbọ́ irú ìròyìn yìí kò ní ṣàì gbà pé ẹrù tí kò lọ́jà ni Yorùbá. Bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí tí Babatunde Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1970 ti fi hàn pé àwọn ọmọ tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ fún ọdún mẹ́fà, tí olùkọ́ tí ó mọṣẹ́ sì kọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan láàárín iṣẹ́, kò kẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì náà.

Ibì kan tilẹ̀ wà tí ó jẹ́ pé Yorùbá ni ó gbé olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì dé òkè òkun. Ètò Fulbright ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti mú àwọn ọ̀dọ́ olùkọ́ Nàìjíríà lọ sí yunifásítì ibẹ̀ fún nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án láti kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Yorùbá tàbí Hausa. Ẹni tí ó bá ti yọ Yorùbá kúrò nínú ìwé rẹ̀ kò ní í lórúkọ níbẹ̀.

Èyí tí ó sì sún mọ́ jù, tí àwọn tí ń lá àlá Kòríà kì í fẹ́ wò, ni orílẹ̀-èdè Benin. Ọmọ ilẹ̀ ECOWAS kò nílò físà kí ó tó wọ ibẹ̀, ó sì lè gbé e fún 90 ọjọ́ kí ó tó wá ìwé ìgbélùú. Faransé ni èdè ìjọba níbẹ̀, wọ́n ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní ilé ìwé girama, àwọn ilé ìwé àdáni elédè méjì sì wà ní Kútọnu àti Àjàṣẹ́. Ọmọ Kétu tí ó wọ irú kíláàsì bẹ́ẹ̀ mú Yorùbá wá láti ilé, ó mú Faransé wá láti ilé ìwé. Faransé ti fún un ní v àti z tí Yorùbá kò ní. Ṣùgbọ́n ìró tí ó bẹ̀rẹ̀ ‘think’ kò sí nínú méjèèjì, ‘tink’ tàbí ‘sink’ ni yóò sì máa wí. Olùkọ́ láti Abẹ́òkúta lè yí sí Yorùbá fún ìṣẹ́jú kan, kí ó ní kí ó ti ṣóńṣó ahọ́n bọ àárín eyín òkè àti ti ìsàlẹ̀, kí ó rọra fẹ́ atẹ́gùn jáde, kí ó sì tún un wí.