Ẹ̀rín ni Bàbá fi ń roko

Lọ́jọ́ tí a sin bàbá àgbà mi ní Ìrèsì, wọ́n ka ìtàn ìgbésí ayé wọn nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ojú ìwé méjì ni. Wọ́n ka ọdún tí wọ́n ṣèrìbọmi, wọ́n ka oyè tí ìjọ fi wọ́n jẹ, wọ́n ka iye ọmọ àti iye ọmọ-ọmọ, wọ́n sì fi í kádìí pé òṣìṣẹ́ takuntakun tó bẹ̀rù Ọlọ́run ni wọ́n. Kò sírọ́ níbẹ̀. Síbẹ̀, níbi tí mo jókòó sí, ńṣe ló ń ṣe mí bíi pé ẹlòmíràn ni wọ́n ń ròyìn.

Nígbà tó dìrọ̀lẹ́, lábẹ́ àtíbàbà, bàbá arúgbó kan tí òun àti Bàbá jọ máa ń ta ayò dìde. Wọ́n ní, “Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọkùnrin yìí ṣe jí adìyẹ mi gbé, tó sè é, tó wá ránṣẹ́ pè mí pé kí n wá bá òun jẹ ẹ́. Mo jẹun yó, mo ṣàdúrà fún un, mo délé, mo bẹ̀rẹ̀ sí wá adìyẹ mi.” Kí wọ́n tó dé ìdajì ọ̀rọ̀, ẹ̀rín ti gba gbogbo àtíbàbà kan, àwọn ìyá àgbà ń fi etí gèlè nu omijé. Bàbá yẹn jẹ́ kó rọlẹ̀, wọ́n wá fi kún un pé: “Ọjọ́ kẹta ló mú àgbébọ̀ méjì wá fi dípò.” Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé bàbá àgbà mi la wá sin.

Ọ̀rọ̀ tí mo ní lọ́sẹ̀ yìí kò pọ̀. A ti ń kọ́ ara wa pé ẹni tó bá ń ṣàwàdà kò ní láárí, pé ẹni tó níṣẹ́ lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ máa fajú ro. Bàbá tó tọ́ mi dàgbà kò ya méjèèjì sọ́tọ̀. Ẹ̀rín ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́, iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe ló sì jẹ́ kí ẹ̀rín wọn níyì.

Ìlú olókè ni Ìrèsì, ní ìjọba ìbílẹ̀ Bolúwadúró ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, níbi tí Òtan Ayégbajú ti jẹ́ olú ìlú. Àgbẹ̀ ló pọ̀ níbẹ̀ nígbà èwe mi. Kí àkùkọ tó kọ lẹ́ẹ̀kejì, Bàbá ti wà lójú ọ̀nà oko, àdá lábíyá, iṣu sísun nínú àpò. Bí wọ́n bá kọjá níwájú ilé ẹni tó ṣì ń sùn, wọ́n á kan ilẹ̀kùn gbà-gbà-gbà, wọ́n á ké pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ibí ni wọ́n ti ń ta oorun? Mo fẹ́ ra díẹ̀.” Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ àdúgbò wa ni ìtìjú ìbéèrè yìí sọ di ẹni tó ń tètè jí.

Ẹ bá mi dé oko lọ́jọ́ kan nígbà ìsinmi Kérésìmesì. Mo tó ọmọ ọdún mẹ́jọ. Wọ́n ti ká kòkó jọ, ó ga bí òkìtì ọ̀gán. Iṣẹ́ ọwọ́ dídùn kọ́ ni kòkó fífọ́. Wàá fi kùmọ̀ gbá a kó là, wàá fọwọ́ fa ẹ̀yà rẹ̀ yọ, omi rẹ̀ á máa ṣàn dé ìgúnpá, eèrà á sì máa tọ̀ ọ́ lẹ́yìn. Àwa ọmọ mẹ́fà ti ń wojú ara wa. Bàbá jókòó sórí gbòǹgbò igi, wọ́n na owó kan sókè, kọ́bọ̀ mẹ́wàá, èyí tí àwọn àgbà ṣì ń pè ní ṣílè kan. Wọ́n ní irú owó yìí wà nínú kòkó wọ̀nyẹn, ẹni tó bá sì rí i ló ni ín. Ẹ̀gbọ́n mi tí ojú rẹ̀ là jù nínú wa béèrè pé, “Bàbá, báwo lówó ṣe dé inú kòkó tẹ́nì kan ò tíì là?” Bàbá ò rẹ́rìn-ín rárá. Wọ́n ní, “Bí omi ṣe dé inú àgbọn ni.”

Kò sẹ́ni tó tún béèrè nǹkan kan. Kùmọ̀ ń dún, èèpo ń fò. Kí oòrùn tó wọ̀, òkìtì ti tán, a ò rí owó. A fi igbe ta. Bàbá dìde, wọ́n lọ síbi èèpo tí àwọn fúnra wọn là láàárọ̀, wọ́n ṣí ewé tó bò ó, wọ́n sì mú kọ́bọ̀ mẹ́wàá mẹ́wàá jáde lọ́nà mẹ́fà, ẹyọ kan fún ọmọ kan. Wọ́n ní, “Mo purọ́ ni? Ṣebí inú kòkó lowó wà.” Lẹ́yìn náà la fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bo ẹ̀yà kòkó náà fún bí ọjọ́ mẹ́fà kó lè kan, ká tó sá a sóòrùn. Mo ti ka ìwé púpọ̀ lórí ọrọ̀ ajé láti ìgbà náà. Gbólóhùn oko yẹn ló kọ́kọ́ jẹ́ kí n mọ̀ pé owó ilé ìwé mi ti inú kòkó wá.

Ìgbà kan wà tí àbúrò bàbá mi mú wọn lọ sí Ìbàdàn láti lọ wo Cocoa House ní Dùgbẹ̀, ilé alájà 26 tí wọ́n parí ní 1965. Bàbá dé iwájú ilé náà, wọ́n ṣí fìlà, wọ́n wò ó lókè wò ó nílẹ̀, wọ́n wá bi mẹ́gáàdì pé, “Ta ló ń bá mi gba owó ilé yìí?” Mẹ́gáàdì wò wọ́n láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní kí wọ́n dúró, òun ń lọ pe ọ̀gá òun. Bàbá ní, “Sọ fún un pé onílé dé láti Ìrèsì.”

Àwàdà ni, àmọ́ ìṣirò wà nínú rẹ̀. Láti 1947 ni ìjọba amúnisìn ti dá àjọ tó ń ra kòkó Nàìjíríà sílẹ̀. Ní 1954, ó di ti ẹkùn kọ̀ọ̀kan. Àjọ náà nìkan ló láṣẹ láti ta kòkó sókè òkun, òun ló ń dá iye tí àgbẹ̀ máa gbà, iye yẹn sì sábà máa ń kéré sí ohun tí wọ́n ń tà á lọ́hùn-ún. Èyí tó ṣẹ́kù lọ sápò ìjọba. Ó wà lára ohun tí Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn fi gbéra sọ lásìkò tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní 1955, òun náà ló sì gbé ilé gogoro Dùgbẹ̀ dúró. Ọdún 1986 ni wọ́n tó tú àwọn àjọ wọ̀nyí ká. Ṣáájú ìgbà yẹn, nígbà tí ara ò gbà á mọ́, láàárín 1968 sí 1969, àwọn àgbẹ̀ kan dìde ogun nítorí owó orí àti ìyà, èyí tí a mọ̀ sí Àgbẹ̀kọ̀yà. Ohun tó ń dun àwọn yẹn ló ń dun Bàbá náà. Ẹnu ẹ̀rín ni ti Bàbá gbà jáde, mẹ́gáàdì sì lè gbọ́ ọ láìsá.

Bí wọ́n bá ti oko dé, tí wọ́n jẹun tán, ó di ìdí ayò. Ihò 12, ọmọ ayò 48, ọ̀ta lẹni tó ń pa, ọ̀pẹ lẹni tí wọ́n ń pa. Ibẹ̀ ni mo ti rí àgbẹ̀ tó ń pe ìjòyè ní ọ̀pẹ lójú gbogbo ayé, tí ìjòyè náà sì ń rẹ́rìn-ín. Bí ẹni tí wọ́n jọ ń ta bá ti ń fojú ka ọmọ ayò kó lè mọ ibi tó máa já sí, Bàbá á béèrè àlàáfíà àna rẹ̀, wọ́n á béèrè iye tí iṣu ń lọ lọ́jà, títí onítọ̀hún á fi ṣì í kà.

Àmọ́ ẹ̀fẹ̀ wọn ní ààlà. Lọ́jọ́ kan, mo sín ọkùnrin kan tó ń kólòlò jẹ, àwọn ẹgbẹ́ mi sì rẹ́rìn-ín. Bàbá gbọ́. Wọn ò nà mí. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi ní kí n máa tẹ̀ lé ọkùnrin náà lọ sóko, kí n máa bá a ru igi wálé. Ìgbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, mo ti mọ orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀, mo sì ti mọ̀ pé ó gbọ́n jù mí lọ. Bàbá bi mí pé, “Ṣé ó ṣì ń pa ọ́ lẹ́rìn-ín?” Mo ní rárá. Wọ́n ní, “Ohun tó bá máa dun ẹnì kejì kì í ṣe eré.”

Ọdún 1983, ọ̀gbẹlẹ̀ ńlá mú Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ní Gánà, iná jó oko kòkó tó pọ̀ jọjọ. Iná jó lára oko Bàbá náà. Àwọn ará àdúgbò wá bá wọn kẹ́dùn, gbogbo wọn dákẹ́, kò sẹ́ni tó mọ ohun tó yẹ kó sọ. Bàbá ló là á. Wọ́n ní, “Ẹ bá mi tú eérú yẹn wò. Mo gbin iṣu síbẹ̀, ó yẹ kó ti jinná.” Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu àwọn tó ń sunkún. Ìyá àgbà ló sọ fún mi lẹ́yìn ọdún púpọ̀ pé Bàbá ò fojú kan oorun lóru ọjọ́ náà, pé ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n jókòó sí títí ilẹ̀ fi mọ́. Nígbà tí òjò kọ́kọ́ rọ̀, wọ́n gbé ọkọ́, wọ́n lọ gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí yóò ṣíji bo kòkó tuntun. Kòkó tí wọ́n bá gbìn lónìí á lo bí ọdún mẹ́ta sí márùn-ún kó tó so. Wọ́n mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì gbìn ín.

Láàárín ọdún wọ̀nyẹn kan náà, aláwàdà tó lókìkí jù nílẹ̀ Yorùbá ń jẹ irú ìyà yìí. Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀ ni, ọmọ Iléṣà tí gbogbo wa mọ̀ sí Bàbá Sàlá, tí wọ́n bí ní 1936. Ní 1982, ó gbé fíìmù Ọ̀run Móoru jáde, èyí tí Ọlá Balógun darí. Àwọn olè dà á kọ sórí fídíò, wọ́n ń tà á kiri, owó tó yẹ kó wọlé ò wọlé mọ́, gbèsè sì dá sí i lọ́rùn. Síbẹ̀ kò káwọ́ lérí. Ó tún ṣe Ààrẹ Àgbáyé, ó tún ṣe Mosebọ́látán. Ìlú Iléṣà náà ló dákẹ́ sí ní ọjọ́ 7 oṣù kẹwàá ọdún 2018.

Tẹlifíṣọ̀n aládùúgbò la ti máa ń wo Bàbá Sàlá, pẹ̀lú táì ọrùn tó tóbi bí abẹ̀bẹ̀ àti awò ojú tí kò ní dígí nínú. Àwa ọmọdé á máa yí nílẹ̀. Bàbá kì í rẹ́rìn-ín tó wa. Wọ́n á tẹjú mọ́ ọn bí ẹni tó ń wo bí ẹlòmíràn ṣe ń kọ ebè. Lọ́jọ́ kan wọ́n ní, “Iṣẹ́ lọkùnrin yẹn ń ṣe o. Ẹ wo òógùn lọ́rùn rẹ̀.” Ẹni tó bá mọ bí iṣẹ́ ṣe rí ló lè rí òógùn lára aláwàdà.

Àwọn baba ńlá wa kò fojú kékeré wo ọ̀rọ̀ yìí. Ní ilẹ̀ Kétu àti Yewa, òru kan wà tó jẹ́ ti Ẹ̀fẹ̀ kí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tó jáde. Lóru yẹn, ẹni tó wọ agọ̀ Ẹ̀fẹ̀ láṣẹ láti fi orin bá olówó, olóyè àti oníwà ìbàjẹ́ wí, kò sì sẹ́ni tó máa mú un. UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní 2001 gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan lára iṣẹ́ àjogúnbá tó ṣọ̀wọ́n láyé. Ohun tí ìlú ń fi orin ṣe lóru ọjọ́ náà, bàbá kọ̀ọ̀kan ń fi ẹnu ṣe é lójoojúmọ́ nínú agbo ilé.

Ohun tó ń dùn mí nìyí. Lórí fóònù lónìí, èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń pè ní àwàdà kò ju kí wọ́n dẹ́rù ba ẹni tó ń lọ lọ́nà rẹ̀ jẹ́jẹ́, tàbí kí wọ́n fi arọ, akólòlò àti tálákà ṣe yẹ̀yẹ́. Nínú ilé wa, bí ọmọ bá dápàárá, a ó ní kó jókòó jẹ́jẹ́, pé kò ní ṣe é lóore. Bí àgbàlagbà bá kú, a ó pa màlúù, a ó rán aṣọ ẹbí, a ó kọ gbogbo oyè rẹ̀ sínú ìwé, a ó sì yọ ẹ̀rín rẹ̀ kúrò bí ẹni ń yọ egungun ẹja. Ọmọ-ọmọ tí kò bá bá a láyé á wá máa rò pé ẹni tó ń fajú ro láti àárọ̀ dalẹ́ ni bàbá àgbà òun. Bí iṣẹ́ bá wá ṣú òun náà, kò ní mọ̀ pé ẹnì kan nínú ìdílé rẹ̀ ti fi ẹ̀rín la irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ kọjá rí.

Mo bẹ ẹ̀yin tí bàbá tàbí ìyá àgbà yín ṣì wà láyé. Ẹ lọ jókòó tì wọ́n lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ bi wọ́n léèrè iṣẹ́ tí wọ́n ṣe, kí ẹ sì tún bi wọ́n léèrè ìwà pálapàla tí wọ́n hù nígbà tí ẹnì kan ò rí wọn. Ẹ fi fóònù yín gba ohùn wọn sílẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń kọ ìtàn ìgbésí ayé ẹni tó ti lọ, bí ẹ bá kọ oyè tán, tí ẹ ka ọmọ tán, ẹ má gbàgbé láti fi adìyẹ sí i.