Ta ló ni ìtàn Bardock?

Àbúrò mi kan níbí ní Chicago ní ohun tí onítàn fúnra rẹ̀ ò bá kọ nínú anime, àfikún lásán ni. Mo ní, “Bardock, bàbá Goku nínú Dragon Ball ńkọ́?”

Àwọn òṣìṣẹ́ Toei ló ro ìtàn Bardock fún fíìmù tẹlifíṣọ̀n kan ní 1990. Toriyama, onítàn gan-an, wò ó, ó wù ú, ló bá fi Bardock sínú manga tiẹ̀. Àwa tó ń kọ sọ́fítíwia mọ̀ ọ́n: kóòdù àlejò tí onílé bá gbà wọlé ti di ara ilé.

Ohun tó dùn mí ni pé àbúrò mi ò pa àlọ́ Àjàpá fún àwọn ọmọ rẹ̀, torí kò mọ “ojúlówó” rẹ̀. Háà! Toriyama ló ni Dragon Ball, mo gbà. Àjàpá ńkọ́, iléeṣẹ́ wo ló ni ín? Àwọn kan ní Ṣàngó so. Àwọn olùsìn rẹ̀ ní ọba kò so, òun la sì fi ń kí i dòní.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ Yorùbá, ẹ pa èyí tí ẹ mọ̀. Bí àwọn ọmọ bá ti gbe orin rẹ̀, ó ti wọlé nìyẹn.