Ọmọńlé Aláwọ̀ Ojú Ọ̀run: Ẹni Tó Rà Á Ló Gé Igi

Ọmọńlé tó ń rìn lára ògiri ilé wa kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni ń náwó lé lórí. Ẹ̀fọn àti kòkòrò ló ń jẹ, a kì í sì í bi í léèrè owó ilé. Ṣùgbọ́n ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, àwọn ìbátan rẹ̀ ti di ọjà. Àwọn ènìyàn ń ra àpótí gíláàsì, wọ́n ń gbin ewéko sínú rẹ̀, wọ́n ń fi iná mànàmáná mú un móoru, wọ́n sì ń fín omi sí i kí ó lè dà bí igbó ilẹ̀ olóoru. Lẹ́yìn èyí ni wọn yóò wá ọmọńlé kékeré kan tí yóò máa gbé inú rẹ̀. Òbí Yorùbá tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Houston, tí ọmọ rẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́ fún ẹran ọ̀sìn tí kò gba àyè, ọ̀rọ̀ yìí kàn án.

N kò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí pé ó fẹ́ràn ẹran ọ̀sìn. Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ń gbà yàn án ni mo ń bá jà. Àwọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò, iye owó ló tẹ̀lé e. Ibi tí ẹranko náà ti wá ni ìbéèrè ìkẹyìn, bí wọ́n bá tilẹ̀ béèrè rárá.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Tànsáníà. Ọmọńlé kan wà níbẹ̀ tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè ní Lygodactylus williamsi. Láti orí dé ìrù, kò gùn ju ìka ọwọ́ àgbàlagbà lọ. Akọ rẹ̀ ní àwọ̀ ojú ọ̀run tó ń dán yanran. Abo rẹ̀ ní àwọ̀ ewé tàbí ti bàbà. Ní gbogbo ayé, igbó díẹ̀ tó wà ní agbègbè òkè Uluguru nìkan ni a ti ń rí i. Èyí tó lókìkí jù nínú wọn ni igbó Kimboza, tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí hẹ́kítà 400. Nínú igbó yẹn náà, orí igi Pandanus ló ń gbé, láàárín àwọn ewé gígùn ẹlẹ́gùn-ún rẹ̀.

Nígbà tí àwọn olólùfẹ́ àpótí gíláàsì rí àwọ̀ yìí, ọjà dé. Àwọn tó ń ṣọdẹ rẹ̀ a máa gé igi Pandanus lulẹ̀ kí ọwọ́ wọn lè tó o. Ìwádìí fi hàn pé láàárín oṣù Kejìlá ọdún 2004 sí oṣù Keje ọdún 2009, ó lé ní 32,000 tí ẹgbẹ́ ọlọ́dẹ kan ṣoṣo kó lọ. Bí igi bá sì ti ṣubú, àwọn tí wọn kò rí mú pàápàá ti di aláìnílé. Iná àti àwọn agégedú ti ń jẹ igbó náà run tẹ́lẹ̀. Àwọn olùrà wá fi tiwọn kún un. Lónìí, àjọ IUCN ka ọmọńlé yìí mọ́ àwọn ẹ̀dá tó wà létí àkúrun. Ní ọdún 2016, níbi ìpàdé àdéhùn CITES tó wáyé ní Johannesburg, wọ́n fi í sí ìsọ̀rí kìíní, tó ka òwò èyí tí wọ́n bá mú nínú igbó léèwọ̀. Ìpinnu náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kìíní ọdún 2017.

Ta wá ni ọ̀daràn? Àwọn kan yóò yára nàka sí àwọn ọmọ Tànsáníà tó gbé àdá wọ igbó. Àwọn àgbà wa ti dáhùn: ẹni tó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó gé igi yẹn kò ní àpótí gíláàsì nílé. Ohun tó mọ̀ kò ju pé ẹnìkan wà tó ń rà.

Àwọn mìíràn ń jiyàn pé àwọn ń gba ẹ̀dá náà là ni, nítorí pé ó ń yé, ó sì ń pamọ nínú àpótí. Òótọ́ ni pé ó ń pamọ. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n pa ní Birmingham kò fi igi kan kún igbó Kimboza. Bí olùtajà bá sì ní inú ilé òun ni wọ́n ti bí tòun, kí ó fi ìwé hàn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, òfin kò gbà kí wọ́n tà á láìní ìwé ẹ̀rí.

Ẹ má sì rò pé ọ̀nà jíjìn ni ọ̀rọ̀ yìí wà. Tógò, Bẹ̀nẹ̀ àti Gánà ni ọ̀pọ̀ ọmọ ere tó ń wọ ọjà ẹran ọ̀sìn Amẹ́ríkà ti ń lọ. Irú ọmọńlé kan tí ìrù rẹ̀ sanra, Hemitheconyx caudicinctus, náà ń bá wọn rìn. Oko àti igbó tiwa ni àwọn yìí ti ń jáde.

Ẹni tó bá fẹ́ ọmọńlé kékeré ní ọ̀nà mìíràn. Lepidodactylus lugubris wà. Abo ni gbogbo wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́, wọ́n sì ń yé ẹyin tó ń pa láìsí akọ. Ẹni tó bá ń sin mẹ́ta kò ní pẹ́ tí yóò fi máa wá ẹni tí yóò fún lára ọmọ wọn. Kò sí ìdí kankan láti lọ mú un nínú igbó. Kí ìdérí àpótí ṣáà dé dáadáa, nítorí ó mọ ọ̀nà àbáyọ. Àwọ̀ rẹ̀ ṣú bíi ti ọmọńlé ara ògiri wa. Kò ní ẹwà ti Kimboza, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò gé igi nítorí rẹ̀.

Nítorí náà, kí ẹ tó fọwọ́ kan àpò, ẹ béèrè: Níbo ni wọ́n ti bí i? Ta ló ń sin ìyá rẹ̀? Ìwé rẹ̀ dà? Olùtajà tó bá ń kálòlò, ẹ fi ọjà rẹ̀ sílẹ̀ fún un. Ọjọ́ tí gbogbo olùrà bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹnikẹ́ni kò ní ní ìdí láti gbé àdá wọ Kimboza nítorí ọmọńlé.